Koríko Tó Jóná Lápá Ọ̀tún

Koríko ni mo fi ọjọ́ ayé mi sìn. Kì í ṣe ẹ̀gẹ́, kì í ṣe ewébẹ̀, kì í ṣe ohunkóhun tí èèyàn lè sè kó jẹ. Koríko lásán, tí ewúrẹ́ gan-an kò gbọdọ̀ fẹnu kàn, ni mo ń tọ́jú níwájú ilé àwọn ẹlòmíràn, láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà, láti Ìbà dé Òkòkómáíkò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ náà bọ́ mi, ó sì bọ́ àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí oúnjẹ ni mo ṣe ń sọ ìtàn yìí. Nǹkan kan wà tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi kí n tó bẹ̀rẹ̀: pé èèyàn lè mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, kó má sì lè fara da kí ẹlòmíràn mọ̀ ọ́n jù ú lọ.

Ìjanikin ni wọ́n bí mi sí. Gàníyù lorúkọ mi, Gàní ni wọ́n ń pè mí. Oko ẹ̀gẹ́ ni bàbá mi ń ro. Ìtàn bí mo ṣe rí iṣẹ́ kò gùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan mú mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin ará Àgbádárìgì kan, Ègùn ni wọ́n, Ọ̀gá Àgọ̀sù ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Wọ́n ní kí n na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi wò bí ẹni tó ń ra iṣu, wọ́n ní, "Wá lọ́la. Má wọ bàtà." Owó tí wọ́n ń fún mi kò tó nǹkan, èmi náà ò sì béèrè.

Ẹsẹ̀ lásán ni Ọ̀gá fi ń mọ koríko. Láàárọ̀ kùtù wọ́n á ní kí n rìn láti ẹnu géètì dé ẹnu ọ̀nà ilé, kí n máa sọ ohun tí ẹsẹ̀ mi ń bá pàdé.

"Ibí le, Ọ̀gá."

"Kí ló mú un le?"

Bí mi ò bá mọ̀, màá padà sẹ́nu géètì, màá tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kan wà tí mo rìn ín lẹ́ẹ̀méjìlá. Wọn kì í nà mí, wọn kì í sì í bú mi. Yorùbá wọn ò pọ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń sọ, ó sì máa ń wúwo.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀, torí ẹni tí kò ṣe é rí á rò pé gígé ni gbogbo ẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ títí, koríko iwájú ilé á gbẹ, á pọ́n bí irun ajá, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á sì le gbagidi. Ọ̀gá máa ń sọ pé òyìnbó tó kọ́ àwọn níṣẹ́ sọ pé nílùú tòun, òtútù àti yìnyín ló ń pa koríko, ooru ló ń jí i. Níbí, ọyẹ́ ló ń pa á, òjò ló ń jí i. "Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró de òjò kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́," Ọ̀gá á ní, "èpò ni òjò máa bá a jí."

Nítorí náà, kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé, a ó ti fi réèkì ha èyí tó ti kú kúrò. A ó fi ọwọ́ fa patanmọ́ tegbòtegbò. A ó fi fọ́ọ̀kì ńlá gún ilẹ̀ káàkiri kí afẹ́fẹ́ lè dé ibi gbòǹgbò, a ó sẹ́ ilẹ̀ dúdú mọ́ iyanrìn àti ìgbẹ́ adìẹ tó ti pẹ́ tí kò rùn mọ́, a ó sì fọ́n ọn lé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ibi tó bá ti pá, a ó gé koríko tòun tilẹ̀ láti ibòmíràn wá fi dí i. Omi láàárọ̀, omi nírọ̀lẹ́. Ajílẹ̀ oníhóró tí wọ́n ń rà nínú àpò, ìyẹn di ìgbà tí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ìwọ̀nba díẹ̀, a ó sì bomi lé e lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àpò yẹn. "Iyọ̀ ni," ni wọ́n máa ń wí. "Ẹni tó bá da iyọ̀ sójú egbò, kó má bi egbò pé kí ló dùn ún."

Lọ́dún kìn-ín-ní mi, mo fi réèkì ha koríko ilé kan ní Òkòkómáíkò bí ẹni tó ń ha ìdí ìkòkò. Mo fẹ́ tètè parí. Nígbà tí Ọ̀gá dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n mú koríko kan nínú òkìtì tí mo kó jọ, wọ́n fi ìdí rẹ̀ hàn mí. Gbòǹgbò rẹ̀ ṣì funfun.

"Èyí ò kú," ni wọ́n wí. "Ìwọ lo pa á."

Wọ́n gba réèkì lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ìka ṣa koríko òkú nínú ọgbà yẹn lórí ìkúnlẹ̀, tí àwọn tó ń kọjá ń fi mí ṣẹ̀sín láti ẹ̀yìn ògiri. Mo sunkún. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá tiẹ̀ di ojú, ọwọ́ mi mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè. Lópin ọdún kejì, Ọ̀gá wo iṣẹ́ mi nílé kan, wọ́n ní, "Ó dáa." Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n yìn mí nìyẹn. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ìjanikin lọ sọ fún ìyá mi.

Lọ́dún kẹta ni Ìdòwú dé láti Ìláròó. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Torí pé mo ṣáájú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, tí mo sì jù ú lọ lọ́jọ́ orí, Bùọ̀dá Gàní ló ń pè mí, "ẹ" ló sì fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń pọ́n lángalánga, irin pẹlẹbẹ ẹlẹ́nu títẹ̀ tí a fi ń gé koríko nígbà yẹn. Èmi ni mo fi hàn án bí a ṣe ń fa patanmọ́ tí ẹ̀gún rẹ̀ ò ní wọ ni lọ́wọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin tó dé, Ọ̀gá ní kó rin ọgbà kan bí mo ṣe máa ń rìn. Ìdòwú lọ síwájú díẹ̀, ó dúró. "Ọ̀gá, ikán wà lábẹ́ ibí." Èmi náà ti rìn kọjá lójú ibẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Ọ̀gá gbẹ́ ẹ, ikán wà níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n wo Ìdòwú títí, wọ́n wá rẹ́rìn-ín. Títí di ọjọ́ yẹn, mi ò rí eyín Ọ̀gá rí. Wọ́n ní, "Ọwọ́ ẹ tutù. Ẹsẹ̀ ẹ náà gbọ́n."

Ibẹ̀ ni nǹkan náà ti wọ inú mi. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni Ọ̀gá ra ẹ̀rọ ìgékoríko kan lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sílé, èyí tí a ń fi ọwọ́ tì, tó ní táyà méjì àti abẹ tó ń yí láàárín wọn. Kò sí irú rẹ̀ lọ́wọ́ gádínà kankan ládùúgbò wa. Mo nù ún, mo fi epo sí i, mo ń dúró de ọjọ́ tí a máa lò ó. Lọ́jọ́ náà, Ọ̀gá ní, "Ìdòwú, mú un." Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àkísà epo lọ́wọ́.

Láti ìgbà náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Bí ó bá bomi rin ilẹ̀, màá wò ó bóyá korobá tirẹ̀ ju tèmi lọ. Bí koríko tirẹ̀ bá yọ, màá ní ilẹ̀ ibẹ̀ ló sàn. Bí àwọn onílé bá yìn ín, màá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo tiẹ̀ sọ fún ẹni tí a jọ ń gbé yàrá pé ọmọ náà ń lo nǹkan sí i. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, àmọ́ ó dùn lẹ́nu mi.

Ilé kan wà ní Ọ̀jọ́, kò jìnnà sí ọ̀sà, ti bàbá kan tó fi ọjọ́ ayé wọn ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Bàbá Atukọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Ìyàwó wọn, tí àwa ń pè ní Màmá, ti jẹ́ olùkọ́ rí. Ọ̀nà olókùúta kan gba àárín ọgbà iwájú ilé náà, láti géètì dé ẹnu ilé. Ọ̀gá pín in sí méjì: apá ọ̀tún fún mi, apá òsì fún Ìdòwú.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, rọpárọsẹ̀ ti mú Bàbá Atukọ̀. Nígbà tí ọyẹ́ ń kásẹ̀ ńlẹ̀, dókítà sọ fún Màmá pé bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, kí Bàbá máa fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí koríko láràárọ̀, díẹ̀díẹ̀, kí iṣan ẹsẹ̀ wọn lè jí. Apá ọ̀tún ni àtẹ̀gùn tó ní irin ìdìmú sọ̀ sí. Apá tèmi. Màmá pe Ọ̀gá, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jẹ́ kó rọ̀. Bí wọ́n bá ṣubú lórí ilẹ̀ líle, wọn ò ní dìde mọ́."

Ọ̀gá pè wá jọ. "Kì í ṣe ẹwà ni wọ́n ń wá lọ́dún yìí. Ẹ ṣe é bí ẹni tó ń tẹ́ ibùsùn fún bàbá rẹ̀."

Mo ṣe é, Ọlọ́run mọ̀ pé mo ṣe é. Mo ha, mo gún, mo fọ́n ilẹ̀ dúdú. Àmọ́ nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, apá òsì ti ń yọ ewé tútù, tèmi ṣì pọ́n. Wọ́n máa ń gbé Bàbá Atukọ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀, òsì ni wọ́n sì máa ń kọjú sí. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tí wọ́n ń fi ẹnu tó ti wọ́ sọ fún Màmá pé, "Ṣé ọmọ yẹn ń bá koríko sọ̀rọ̀ ni?" Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí Ìdòwú wá mu omi tútù. Èmi ni wọ́n rán pé kí n lọ pè é.

Lọ́sẹ̀ kan náà, Ọ̀gá fẹ́ lọ wo àbúrò wọn tó ń ṣàìsàn ní Àgbádárìgì. Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìnkùlé ilé náà tí a ń kó irinṣẹ́ sí, ibẹ̀ ni àpò ajílẹ̀ wà. Ìdòwú ni Ọ̀gá fún ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Mo ti lo ọdún márùn-ún lọ́dọ̀ wọn. Ìdòwú ò tíì lò ju méjì lọ. Ọ̀gá tiẹ̀ nawọ́ kọ́kọ́rọ́ náà kọjá níwájú mi kí wọ́n tó fi lé e lọ́wọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Ìdòwú bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi kọ́ igi gúáfà, ó lọ fa omi ní kànga. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì náà. Mo mú un. Mo ṣí yàrá, mo bu ajílẹ̀ kún korobá, mo fọ́n ọn káàkiri apá ọ̀tún. Ó dà bíi pé kò tó lójú mi, mo tún lọ bu ìdajì korobá sí i. Oòrùn ń ràn ganrínganrín. Òjò kankan ò tíì rọ̀. Mo mọ òfin Ọ̀gá bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi, mo kàn fẹ́ kí tèmi yọ kí wọ́n tó dé ni. Mo ti ilẹ̀kùn, mo dá kọ́kọ́rọ́ padà sáyè rẹ̀.

Mo ti pinnu pé màá bomi lé e bí Ìdòwú bá fa omi tirẹ̀ tán. Àmọ́ okùn kànga já, korobá rì sísàlẹ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e kí a tó rí ẹni bá wa yọ ọ́. Mo lè tọrọ omi nílé kejì. Mi ò lọ, torí mi ò mọ ohun tí mo máa sọ pé mò ń fi omi ṣe pẹ̀lú ìkánjú bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta tí mo fọ́n ajílẹ̀ náà, apá ọ̀tún ti jóná. Kò pọ́n mọ́, àwọ̀ eérú ló ní. Bí mo bá fà á, ó ń bá ọwọ́ mi bọ̀ bí irun orí aláìsàn.

Ọ̀gá dé láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n mú ilẹ̀ díẹ̀ kan ahọ́n wọn, wọ́n tutọ́.

"Ta ló ṣí yàrá?"

Ìdòwú ní, "Èmi kọ́, Ọ̀gá. Mi ò ṣí i látìgbà tẹ́ ẹ ti lọ."

Wọ́n yíjú sí mi. "Gàní?"

Mo ní, "Ọwọ́ Ìdòwú ni kọ́kọ́rọ́ wà, Ọ̀gá."

Mo ti yẹ gbólóhùn yẹn wò láìmọye ìgbà. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Òtítọ́ ni mo sọ, mo kàn fi ṣe iṣẹ́ irọ́ ni.

Ọ̀gá wo òsì tó tutù yọ̀yọ̀, wọ́n wo ọ̀tún tó jóná, wọ́n sì rò pé àwọn ti rí ìdí ọ̀rọ̀. "O pa iṣẹ́ ẹnìkejì ẹ," ni wọ́n sọ fún Ìdòwú, "kí tìẹ lè dára."

Ìdòwú kúnlẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ wò mí lójú."

Wọn ò wò ó. "Máa lọ. Má sọ níbì kankan pé èmi ni mo kọ́ ẹ níṣẹ́."

Ó dìde, ó lọ mú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó rọra ní, "Bùọ̀dá Gàní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n." Mo ní màá bẹ̀ wọ́n. Mi ò bẹ̀ wọ́n.

Èmi àti Ọ̀gá hú gbogbo ilẹ̀ apá ọ̀tún dànù, a da òmíràn sí i, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbin koríko láti ìbẹ̀rẹ̀. Àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, òjò ńlá tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ò tíì ju ẹrọ̀fọ̀ lọ. Bàbá Atukọ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń dúró. Ìgbà tí òjò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán ni koríko náà tó fìdí múlẹ̀. Èmi àti Màmá dì wọ́n mú sọ̀ kalẹ̀. Ìṣísẹ̀ méje ni wọ́n rìn, ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n, ojú wọn ń tàn. Wọ́n wá bi mí pé, "Ọmọ tó ń bá koríko sọ̀rọ̀ ńkọ́?" Mo ní ó ti lọ. Ẹsẹ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ gbé wọn mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Inú ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Màmá dúró tì mí níbi tí mo ti ń gbálẹ̀. "Bí kì í bá ṣe ti ìkà ọmọ yẹn," ni wọ́n wí, "ọkọ mi ì bá ti máa rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò." Mo tẹ orí ba, mo ń gbálẹ̀ lọ.

Ọdún ń gorí ọdún. A wọ àwọn ọdún 1990. Ẹ̀rọ tó ń mu bẹntiróò dé, a kì í ti ẹ̀rọ mọ́, òun ló ń fà wá. Lángalánga dohun tí a ń kọ́ sára ògiri. Ara Ọ̀gá ti ń rẹ̀, wọ́n fi ọ̀pọ̀ nínú ilé tí wọ́n ń tọ́jú ọgbà rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pe èmi náà ní ọ̀gá. Mo rò pé ọkàn mi á balẹ̀.

Lọ́dún kan, nígbà tí gbogbo ọgbà ṣì pọ́n, tí ọyẹ́ ò tíì lọ, mo kọjá níwájú ilé kan ní Ìbà. Koríko ibẹ̀ tutù bíi pé òjò àná ló rọ̀ sí i. Mo bi ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé ta ló ń tọ́jú ẹ̀.

"Ọkùnrin kan tó ń ta òdòdó ní Ìyànà Ìbà ni. Ìdòwú lorúkọ ẹ̀."

Mo wọkọ̀ lọ síbẹ̀. Mo sọ̀ ní ọ̀kánkán, mo dúró lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù afúntáyà kan, mo ń yọjú. Òdòdó kún ẹ̀gbẹ́ títì lóríṣiríṣi nínú ọ̀rá dúdú. Àwọn onímọ́tò ń dúró, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ti sanra díẹ̀. Inú mi bàjẹ́. Ẹ gbọ́ o: èmi tí mo lé e lọ, èmi náà ni mo tún ń jowú rẹ̀. Mo gba ohun tó jẹ́ tirẹ̀, kò sì mú kó dín kù, kò sì mú kí èmi pọ̀ sí i. Mo padà sílé láì bá a sọ̀rọ̀.

Kò ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn ìyẹn tí Ọ̀gá kú. A lọ sìnkú wọn ní Àgbádárìgì. Àga iwájú ni wọ́n gbé èmi sí, torí èmi ni àgbà nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo rí Ìdòwú tó wọlé wá. Ó gbé igi òdòdó kékeré mẹ́rin dání pé òun fẹ́ gbìn ín síbi sàréè. Sẹ̀tónjí, àkọ́bí Ọ̀gá, pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Bàbá sọ ọ́ kí wọ́n tó kú. Wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀ débi sàréè àwọn."

Ìdòwú ò jiyàn. Ó gbé òdòdó náà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyẹ̀pẹ̀, ó kọjú sí ilé, ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó lọ. Mo rí gbogbo rẹ̀ láti orí àga iwájú. Mi ò dìde.

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá mú réèkì, ọwọ́ mi ò fẹ́ dì í. Oúnjẹ ò wọ̀ mí lẹ́nu. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tó ogún ọdún, ó sì ti ń mí sí mi lọ́rùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo lọ sí Ìyànà Ìbà. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò fara pamọ́. Ìdòwú wà lórí àpótí, ó ń bu ilẹ̀ sínú ọ̀rá. Ó rí mi, ó dìde.

"Ẹ káàárọ̀, Bùọ̀dá Gàní. Ó mà pẹ́ o."

Mo ní kó jókòó. Èmi ò jókòó. "Ìdòwú, ajílẹ̀ ilé Bàbá Atukọ̀, èmi ni mo dà á. Mo mú kọ́kọ́rọ́ nínú ṣẹ́ẹ̀tì ẹ nígbà tó o lọ fa omi."

Ó bu ilẹ̀ kún ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sílẹ̀.

"Ṣẹ́ ẹ mọ ohun tí mo ti ń rò látọjọ́ yìí? Mo mọ̀ pé èmi kọ́. Mi ò sì ro ti yín, torí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di lángalánga mú. Mo ní á jẹ́ pé Ọ̀gá fúnra wọn ni wọ́n ti dà á síbẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Mo ní wọ́n ń wá ọ̀nà tí wọ́n máa fi lé mi ni. Láti ọdún náà wá ni mo ti ń bá wọn bínú nínú ọkàn mi. Mo lọ síbi òkú wọn kí n lè bá wọn parí ẹ̀."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó gbọ́wọ́ sókè.

"Iṣẹ́ kọ́ lẹ gbà lọ́wọ́ mi. Mo ríṣẹ́. Ọ̀gá mi lẹ gbà lọ́wọ́ mi."

Mo bi í pé kí ni kí n ṣe. Ó ní kí n lọ sọ ọ́ fún Màmá, kí n sì lọ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ Ọ̀gá, bí mo ṣe sọ ọ́ fún òun, láì bù kún un, láì yọ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tún mú ọ̀rá mìíràn.

Mo lọ. Sẹ̀tónjí gbọ́ ọ tán, ó bo ojú. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ló wá fi ọkọ̀ gbé Ìdòwú, wọ́n jọ lọ gbin òdòdó náà. Màmá ti darúgbó nígbà yẹn, àga kan náà tí Bàbá ń jókòó sí ni wọ́n wà. Wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ dópin. Wọ́n wo apá ọ̀tún títí bíi pé wọ́n ń ka ìṣísẹ̀ méje yẹn. Wọ́n ní, "Gàní, ká rọ́bà omi yẹn, kó o máa lọ." Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń wọ ilé yẹn. Mo ká rọ́bà náà, mo lọ. Ìdòwú ni wọ́n pè sí ọgbà náà lẹ́yìn mi.

Ọ̀rọ̀ náà tàn dé àwọn ilé yòókù. Ẹlòmíràn dá mi dúró, ẹlòmíràn ò tiẹ̀ sọ ìdí. Ìgbà náà sì ni àwọn onílé bẹ̀rẹ̀ sí í da kọnkéré sórí ọgbà iwájú ilé, tí wọ́n ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, tí àwọn kan ń to òkúta íńtálọ́ọ̀kì. Mo jókòó sílé fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìyàwó mi ló ń bọ́ wa.

Ọjọ́ kan ni Ìdòwú wá bá mi. Kò wọlé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. "Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi, ọwọ́ mi ò ká a. Mi ò wá nítorí pé mo ti gbàgbé. Ọwọ́ yín mọ iṣẹ́, ìyẹn nìkan ni mo wá fún. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní ṣe ọ̀gá. Èmi ni ẹ ó máa pè ní ọ̀gá."

Ìyàwó mi dáhùn kí n tó lanu. Ó ní, "Ó máa wá."

Báyìí ni mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́, abẹ́ rẹ̀ ni mo sì wà títí orúnkún mi fi kọ̀ fún mi. Mi ò ní parọ́ fún yín pé ìlara kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pè é ní ọ̀gá níwájú àwọn òṣìṣẹ́ tó kéré sí mi, ó dà bíi pé mo gbé ẹ̀gún mì.

Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ ń lọ, mo tètè dé ilé kan tí a ń ṣe ní Ìbà. Mo rò pé èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Mo bá Ìdòwú lórí ìkúnlẹ̀ láàárín ọgbà. Ó ń ti ìka bọ ilẹ̀, ó ń yọ ọ́, ó ń wò ó, ó ń fi agolo kékeré kan bu omi síbi tó bá gbẹ, ó sì ń kọjá níbi tó bá tutù. Ẹsẹ̀ bàtà kan sí ẹsẹ̀ bàtà kan, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ jákèjádò ọgbà náà. Ṣòkòtò rẹ̀ ti rin dé orúnkún.

Mo bi í pé, "Láti ìgbà wo lẹ ti ń ṣe báyìí?"

"Láti ọ̀dọ̀ Ọ̀gá," ó ní, kò gbójú sókè. "Mo máa ń parí ẹ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ ò bi mí léèrè rí."

Gbogbo ọdún tí mo fi ń ka korobá omi rẹ̀, tí mo fi ń sọ pé ilẹ̀ tirẹ̀ ló sàn, tí mo fi ń sọ pé ó ń lo nǹkan, iṣẹ́ yìí ni ó ń ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ẹ̀yin ọmọ mi, ojú ìlara kì í rí iṣẹ́, èrè nìkan ló ń rí. Ẹni tó bá mọ̀ jù yín lọ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ tètè lọ bi í léèrè.

Mo bọ́ bàtà mi, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ti ìka mi bọ ilẹ̀.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ kọ́ mi."

Ó sún mọ́ mi, ó sì kọ́ mi.